Ilẹ̀ Tó Tẹ́jú Dà ní Ìbàdàn?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹjọ́ ni mo wá rò, àmọ́ n kò tíì mọ ẹni tí mo fẹ́ fi sùn. Bí mo bá ní kí n fi mẹkáníìkì mi sùn, yóò ní òun ti sọ tòun tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ní kí n fi ìyàwó mi sùn, inú ilé rẹ̀ náà ni n ó padà sí lálẹ́ láti lọ sùn. Ẹni tó kọ ìwé ìlò ọkọ̀ gan-an ló yẹ kó wá dáhùn, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí òun ṣe, ṣé ó jẹ́ kọ orúkọ?

Camry 2003 ni mo ní, èyí tí àwa ọmọ Nàìjíríà sọ ní Big Daddy. Mo ti lò ó pẹ́ débi pé mo mọ ìró rẹ̀ bí mo ṣe mọ ikọ́ bàbá mi. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbì ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti fi gíà sí R tàbí D, bí ìgbà tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn ẹni nínú dáńfó bá fi orúnkún gbá ni nídìí, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ó ní kí n fi sí D lẹ́ẹ̀kan. Gbì! Ó pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo, ó ní, "Bàbá, gíà yín ti lọ."

Mo ní, "Ó lọ síbo?"

Ó ní, "Ẹ lọ ra Bẹ́ljíọ̀mù."

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, odidi gíà tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù ní òkè òkun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ pé Japan ló ti wá. Iye tó pè, n kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí mo jẹ àwọn kan lówó, wọ́n sì mọ̀wé kà. Mo bi í pé ṣé kò yẹ ká kọ́kọ́ wo ọ́ìlì gíà ná. Ó wò mí bí ìgbà tí èèyàn dé ibi ìsìnkú tó ń béèrè bóyá òkú ti jẹun.

Ìbínú ni mo fi délé. Mo fa ìwé ìlò ọkọ̀ yọ nínú àpótí iwájú ọkọ̀, níbi tí òun àti súìtì tó ti yọ́ ti ń gbé pọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ojú ewé kan péré ni wọ́n fi ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè wo ọ́ìlì gíà fúnra rẹ̀. Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín. Ṣé èyí náà ni mẹkáníìkì ń gbà lówó èèyàn fún?

Inú ọgbà ilé wa ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí géèjì, mo fà á yọ. Ọ́ìlì tó wà lórí rẹ̀ dúdú bí àmàlà. Orí mi wú. Mo ti ń ro ẹni tí mo tún fẹ́ lọ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Tọ́pẹ́, ọmọ mi tí kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, yọjú lẹ́yìn mi.

"Dádì, ti ẹ́ńjìnì lẹ fà yọ yẹn. Ti gíà ló wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lápá ibi bátìrì."

Mo ní mo mọ̀. Mo ní mo kàn fẹ́ wò ó bóyá òun mọ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa, Dádì." Irú "ó dáa" yẹn, gbogbo òbí ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ má fojú tín-ínrín ọ́ìlì gíà o. Nínú ọkọ̀ mánúà, ẹsẹ̀ ẹni ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yangàn. Nínú ọ́tò, ọ́ìlì ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Òun ló ń yí nínú tọ́ọ̀kì kọ̀nfátà, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì fún gíà. Òun náà ló ń ti àwọn páálí kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ kí gíà tó lè mú, òun ló sì ń gbé ooru wọn lọ sínú rédíétọ̀ kó lè tutù. Bó bá dín, pọ́ǹpù á máa fa atẹ́gùn mu, ẹ́ńjìnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní lọ. Bó bá pọ̀ jù, àwọn irin tó ń yí á máa lù ú bí ẹni ń po ọṣẹ, á hó, ìfófòó ò sì lágbára láti ti ohunkóhun. Àwọ̀ rẹ̀ pupa bíi sóbò tó mọ́. Bó bá ti dà bí àgbo, tó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná, kí olúwarẹ̀ mójú tó nǹkan. Bó bá wá funfun bí ìgbà tí wọ́n da wàrà sí sóbò, omi rédíétọ̀ ti jò wọ inú rẹ̀ nìyẹn, kí olúwarẹ̀ jókòó kó tó ka iye owó.

Gbogbo èyí yé mi. Ohun tí kò yé mi ni gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé náà: kí a gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Ní Ìbàdàn kẹ̀! Ìlú tó jẹ́ pé bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ní Òkè Mápó, Bẹẹrẹ ni yóò ti lọ ṣà á. Jagunjagun ni àwọn tó tẹ ìlú yìí dó, ẹni tó bá sì wà lórí òkè ló ń rí ọ̀tá lọ́ọ̀ọ́kán. N kò bá wọn jà. Àwọn òyìnbó dé, dípò kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ ṣe, wọ́n gbé gbọ̀ngàn ìlú sórí Òkè Mápó ní 1929, wọ́n tún lọ kọ́ Láyípo sórí Òkè Àrẹ ní 1936. Nínú gbogbo ìyẹn, ẹnì kan ṣoṣo kò rò ó pé ká fi ilẹ̀ gbalasa kan sílẹ̀ fún ọmọ Ìbàdàn tó máa ra ọkọ̀ ọ́tò. Ìwé náà kò sì fi àyè àwáwí sílẹ̀: bí ọkọ̀ bá dagun, ọ́ìlì á wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, géèjì á sì máa parọ́ fún ẹni tó ni ín.

Òkè-Àdó ni mò ń gbé. Mo gba bọ́ọ̀lù Tọ́pẹ́, mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ láti fi wo bí ilẹ̀ ṣe rí. Bọ́ọ̀lù náà kọ́kọ́ ronú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó rọra ń lọ bí ẹni tó mọ ilé tó ń lọ, ó gba abẹ́ aṣọ tí wọ́n sá kọjá, ó lọ fara ti kànga Bàbá Onílé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé bọ́ọ̀lù kiri nínú bùútù. Mo gbé e kalẹ̀ níwájú báńkì kan, ó sá. Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá Ring Road, díẹ̀ ló kù kí ọlọ́kadà kan fi í gbá góòlù. Ẹ wo àgbàlagbà bíi tèmi, onírun ewú, tó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ láàárín ìgboro, tó sún sẹ́yìn, tó tẹjú mọ́ ọn. Àwọn ọmọdé ń dúró de ìgbà tí mo máa gbá a.

Ilé epo kan ni bọ́ọ̀lù ti kọ́kọ́ dúró. Ó dúró gan-an! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ni ọmọbìnrin tó ń ta epo bá figbe ta: "Bàbá, ẹ pa á! Ẹ pa ẹ́ńjìnì yín!" Mo ní ìwé ní kí ó máa ṣiṣẹ́. Ó nawọ́ sí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, ìwé tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rí ọkàn mi sọ fún mi pé ọmọ náà ló jàre, nítorí kò sí ọ́ìlì gíà tó tó kí ilé epo gbiná nítorí rẹ̀. Mo gbé bọ́ọ̀lù mi, mo kúrò níbẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé ilẹ̀ nìkan ni? Ìwé ní ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 70 sí 80 lórí ìdíwọ̀n Celsius kí a tó wọn ọ́n síbi tí wọ́n kọ HOT sí lára géèjì. Báwo la ṣe máa mú un gbóná? Kí a wà á tó kìlómítà 24. Mo ṣírò epo ọkọ̀. Ṣáájú ìparí oṣù Karùn-ún 2023, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà kan kò tó ₦200. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti lé ní ₦1,000. Ẹni tó kọ ìwé ní kí n kàn jáde lọ fẹ́ atẹ́gùn kí ọ́ìlì lè gbóná. Ó dáa. Mo gbéra láti Òkè-Àdó, ó di Mókọ́lá, ó di Bàṣọ̀run, mo dé Àkóbọ̀, mo yí padà. Gó-sìlóò tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, oòrùn ń ta, mò ń fi ìwé ọkọ̀ fẹ́ ara mi. Níbi tí mo ti ń fẹ́ ara mi ni ojú mi bọ́ sórí ìlà kan tí n kò kà dáadáa tẹ́lẹ̀: bó bá jẹ́ pé inú gó-sìlóò ìgboro lo ti wá, nínú ooru, dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọ́ìlì kọ́kọ́ tutù.

Ẹ bá mi kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbọ́dọ̀ gbóná, àmọ́ kò gbọdọ̀ gbóná bí nǹkan ṣe ń gbóná ní Ìbàdàn. Ibo ni kí n ti rí ooru mìíràn? Inú gó-sìlóò àti ooru kọ́ ni wọ́n bí gbogbo wa sí?

Bí mo ṣe pinnu nìyẹn pé ọjọ́ Sátidé ni n ó ṣe é, ní kùtùkùtù hàì, kí ọ̀nà tó dí. Mo ti rí ilẹ̀ náà pẹ̀lú: ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n da kọnkéré sí, tí bọ́ọ̀lù dúró sí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Ó ku aṣọ ìnugéèjì. Ìwé ní aṣọ tó mọ́, tí òwú rẹ̀ kì í já, nítorí fọ́nrán òwú kan nínú gíà lè dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Gbogbo àkísà ilé wa ló ń já. Mo yọ́ wọ yàrá, ìyàwó mi ń sùn, mo rí aṣọ funfun kan nínú àpótí rẹ̀, ó rọ̀, ó ń dán, mo fi ọwọ́ pa á títí, òwú kan kò já. Mo ká a sápò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Mo wà á dé Àkóbọ̀, mo padà, ọ̀nà dá. Mo wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, mo fa bíréèkì ọwọ́. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti rí mi tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ó kàn ń wò mí pẹ̀lú àánú. Mo ní kó bá mi dúró síwájú ọkọ̀ kó máa wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ bíréèkì, mo gbé gíà láti P lọ sí R, sí N, sí D, dé L, mò ń dúró díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, kí ọ́ìlì lè kún gbogbo ojú ọ̀nà inú gíà, mo sì dá a padà sí P.

Ọlọ́dẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnì yín ń fò o."

Mo ní kó dákẹ́, pé ọ̀rọ̀ gíà là ń sọ.

Báyìí ni Bàbá Ìbejì, ará àdúgbò wa tó ń rin ìrìn ìdárayá, ya wọlé. Ó rí mi tí mo di géèjì mú, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. "Bàbá Tọ́pẹ́, ṣé orí yín pé ṣá? Wọn kì í wọn ọ́n báyẹn! Ẹ pa ẹ́ńjìnì!" Honda ni Bàbá Ìbejì ní. Ní ti Honda, òótọ́ ló sọ: wọn á kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnì, wọn á sì wọn ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ní ti Camry tèmi, bí mo bá pa á, ọ́ìlì tó wà nínú kọ̀nfátà àti lókè á sọ̀ kalẹ̀ sínú páànù, géèjì á wí pé ó kún nígbà tí kò kún. Àwa méjèèjì la jàre, kò sì sí ohun tó ń mú ariwo pọ̀ tó ìyẹn. A jà á débi pé ó sáré relé lọ gbé ìyókù ọ́ìlì Honda rẹ̀ wá, pé kí n fi kún un. Mo ní wọ́n kọ irú ọ́ìlì tó yẹ kí n lò síbi báyìí, T-IV, a kì í da ti Honda mọ́ ọn. Ó ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, mò ń fi òyìnbó já òun kulẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní.

Epo ń jó ní gbogbo àkókò yìí o. Ẹ́ńjìnì kò mọ̀ pé ìjà là ń jà.

Ká tó parí ìyẹn, Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì náà dé. Ẹ kò lè bá Tíṣà sọ̀rọ̀ ohunkóhun kó má bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé 1939 ni General Motors gbé gíà ọ́tò Hydra-Matic jáde, tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú Oldsmobile ti 1940? Mo ní n kò mọ̀, sà. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé òróró ẹja àbùùbùtán wà lára ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ́ìlì gíà nígbà náà ní Amẹ́ríkà, títí òfin fi dá wọn lẹ́kun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kí ẹja náà má baà run? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, n kò ní parọ́. Ẹja tó tóbi tó ilé, tó ń ṣe jẹ́jẹ́ rẹ̀ nínú òkun, wọ́n pa á kí ọkọ̀ má baà ta gbì. Mo fẹ́ bi í pé ṣé gíà ìgbà náà lágbára ju ti ìsinsìnyí ni, ni mo bá rántí pé lítà epo kan ń lọ.

Mo fa géèjì yọ. Mo nù ún. Mo tì í padà dé ìsàlẹ̀, mo tún fà á yọ. Ibi tó yẹ kó dé náà ló dé, àárín àmì méjì tí wọ́n kọ HOT sí. Ó pupa. Ó mọ́. Mo gbóòórùn rẹ̀, kò jóná. Mo gbé e sókè sínú oòrùn bí ẹni gbé ọmọ tuntun han ẹbí. Gíà mi kò lọ síbì kankan!

Ó sàn kí n má gbé e sókè. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá tí wọ́n wá gbàdúrà ìdájí ń jáde bọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni ọkùnrin kan nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní kùtù hàì, irin gígùn lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, aṣọ funfun lọ́wọ́ òsì, pupa sì ti kùn ún. Ìyá Ìjọ ké, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Àwọn tó kù gbè é. Mo ṣàlàyé títí. Mo ní ọ́ìlì ni. Ìyá Ìjọ ní ọ̀tá lè gba inú ọ́ìlì wọlé, àti pé ọkọ̀ tó ń ta gbì láìnídìí, ó nídìí. Ó ní kí gbogbo wa di ojú, kí a gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ méjèèjì ló ní. Mo gbé géèjì lé orí rúùfù ọkọ̀. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Àdúrà náà gùn. Wọ́n gbàdúrà fún gíà, fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fún èyí tó wà nínú bùútù. Wọ́n gbàdúrà fún bọ́ọ̀lù pàápàá, nítorí kò yé wọn ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Mo ṣe àmín tọkàntọkàn. Nígbà tí a la ojú, ọlọ́dẹ fà mí lápá, ó ní, "Ọ̀gá, ohun tí mò ń sọ láàárọ̀ nìyí. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fi sí R, ẹ́ńjìnì yẹn ń fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Síìtì ẹ́ńjìnì yín ló já." Ó ní kí n wọlé kí n tún fi sí i. Tíṣà wò ó. Àwọn ìyá wò ó. Gbì! Rọ́bà kan tó ń di ẹ́ńjìnì mú, tí owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó tí mẹkáníìkì pè, òun ló ti já. Ọlọ́dẹ, tó ń ṣọ́ géètì, ló rí i. Ẹni tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì láti ogún ọdún kò rí i.

Ayọ̀ bò mí. Mo dì mọ́ ọlọ́dẹ. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo gbé bọ́ọ̀lù, mo juwọ́ sí àwọn ìyá, mo wa ọkọ̀ mi lọ sílé, mò ń kọrin.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dá orin náà dúró. Ó di ẹnu ọ̀nà mú, ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ bá mi wá ìborùn mi. Èyí tí mo rà fún ìgbéyàwó àbúrò mi." N kò ní sọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ọ́ìlì gíà kò ṣeé fọ̀ kúrò, kí ẹ ṣá mọ̀. Mo ti fi ọṣẹ dúdú gbìyànjú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti fi síìtì ẹ́ńjìnì han Tọ́pẹ́. Tọ́pẹ́ wo ibẹ̀, ó wò mí. "Dádì, géèjì gíà dà?"

Mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rìn ín láti géètì dé Òkè-Àdó, mo tẹ̀ ba bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ. Kò sí. Ihò géèjì, náílọ́ọ̀nù ni mo ká fi dí i kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lọ sí ọjà páàtì ọkọ̀. Ìsọ̀ mẹ́fà ni mo dé. Ní èyí tó kẹ́yìn, ọmọkùnrin kan ń jẹ búrẹ́dì, ó gbọ́ mi jálẹ̀, ó sì ṣe sùúrù fún mi bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Bàbá, a kì í ta géèjì lọ́tọ̀. Ara gíà ló máa ń wà. Ẹ ra Bẹ́ljíọ̀mù odidi, ẹ ó bá a níbẹ̀."

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí irin tín-ínrín kan, tó gùn, tó tẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n kọ HOT àti COLD sí nísàlẹ̀, níbikíbi láàárín ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sí Òkè-Àdó, tèmi ni. Ẹ bá mi nù ún. Kí ẹ sì rí i dájú pé aṣọ tí ẹ máa fi nù ún kì í ṣe ti ìyàwó yín.